Orúkọ Kan Lé Nínú Ìwé Àwọn Òkú

Àbẹ́là tí mo rà ní ẹsẹ̀ òkè lọ́jọ́ náà, ọ̀ọ́dúnrún fráǹkì ni obìnrin tó ń tà á gbà lọ́wọ́ mi. Kò gùn ju ìka àárín mi lọ. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, fráǹkì márùn-ún ni wọ́n ń ta irú rẹ̀, ó sì máa ń gùn tó ìgbọ̀nwọ́. Ó lè jó láti ìbẹ̀rẹ̀ Mísà títí a ó fi gbàgbé pé a tàn án. Zémì, alùpùpù akérò, tó gbé mi láti àárín ìlú Dassa gba ẹgbẹ̀rún kan fráǹkì. Láyé ìgbà yẹn, ẹsẹ̀ wa la fi ń rìn ín. Bí fráǹkì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bá sì wà lápò wa, a ó jẹ iyán ní Gbaffo, a ó fi ẹran ìgbẹ́ tì í, owó yóò sì tún ṣẹ́kù.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ arúgbó nìyẹn. Ẹ má bínú. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé orí mi ṣì pé. Ẹni tó bá rántí iye tí wọ́n ń ta àbẹ́là ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ojú rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò sí.

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan. Ó ṣojú mi, etí mi ló gbọ́ ọ, ọ̀sán gangan sì ni.

Mo kàwé díẹ̀. Mo lọ sí yunifásítì ní Dakar nígbà tí ẹni tó bá lọ síbẹ̀ ṣì ń jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ní abúlé rẹ̀, mo sì fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní Porto-Novo. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni tí kò sùn dáadáa ló ń rí iwin. Ọlọ́run ló mọ iye ọmọ tí mo fi ọ̀rọ̀ yẹn dójú tì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń ka èyí, kó forí jì mí.

Ilé ìsìn náà wà lórí òkè àpáta kan láàárín Lèma àti Gbaffo. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn tó ń gbàdúrà níbẹ̀ kò ṣẹ̀ mí. Ẹni tó bá ti gun òkè náà rí yóò mọ̀ ọ́n. Òun nìkan ni ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà tó ní ojú méjì.

Àlùfáà òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fẹ́ràn irú ilé tí a ń pè ní Gótíìkì. Fèrèsé tirẹ̀ ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ sì ṣóńṣó bí ọwọ́ méjì tí a pa pọ̀ láti gbàdúrà. Bí o bá gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọlé, òkùnkùn tútù ni yóò kọ́kọ́ kí ọ, ojú rẹ yóò sì máa gòkè lọ láìjẹ́ pé o rán an. Àlùfáà náà kú nígbà tí ilé dé ìdajì. Èyí tó gba ipò rẹ̀ ti gbé Ítálì, ọ̀nà Rẹnẹsáǹsì ló mọ̀, ó sì ní òun kò lè bá òkú parí àlá rẹ̀. Ó kọ́ apá pẹpẹ bó ṣe wù ú: òpó mẹ́jọ tó yí roboto, ọ̀nà tó tẹ̀ bí ìdajì igbá, àti òrùlé kan tó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ihò àárín rẹ̀ bọ̀ sílẹ̀.

Ìdajì kan ń nawọ́ sí ọ̀run. Ìdajì kejì jókòó jẹ́jẹ́ sáyé. Mo sọ fún olùkọ́ mi ní Dakar nígbà náà pé mo mọ ilé kan tí ayé méjì ti ń bá ara wọn jà. Ó rẹ́rìn-ín, kò gbà mí gbọ́.

Ibi tí ìdajì méjèèjì ti pàdé ni wàhálà wà. Ògiri ibẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ra. Òjò kan, ó là. Òjò kejì, ó tún là. Ọwọ́ ènìyàn lè wọ inú rẹ̀.

Ní àkókò fakàǹsì kan, ìsinmi ilé-ìwé, oṣù kẹjọ, tí òjò kò dá, àlùfáà ìgbà yẹn bẹ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n gbé òkúta láti ẹsẹ̀ òkè wá di ibi tó là náà. Àwa mẹ́fà ló gbà. Ogústẹ̀, Rafayẹ́lì, Klémáǹ, Matíásì, Fìdẹ́lì, èmi. Bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe ń tò, láti orí ẹni tó dàgbà jù dé orí èmi tí mo kéré jù.

Katekísì wa àtijọ́, tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìsìn, ló dá àṣà kan sílẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ẹ fi ọkàn sí i, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé.

Bí o bá gbé òkúta rẹ dé ẹnu ọ̀nà ńlá, o kò gbọdọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀. Katekísì yóò pe orúkọ rẹ. Ìwọ fúnra rẹ kò ní dáhùn, èémí kò sí nínú rẹ láti fi dáhùn. Ẹni tó wà nítòsí ni yóò dáhùn fún ọ pé, "Ó ti sọ ẹrù kalẹ̀." Ìgbà yẹn ni o tó lè gbé òkúta sílẹ̀ kí o lọ mu omi. Bí kò bá sí ẹni tó dáhùn, o máa dúró síbẹ̀ pẹ̀lú òkúta léjìká. Katekísì ní ẹ̀kọ́ ni, kí a lè mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè dá sọ ẹrù ara rẹ̀ kalẹ̀.

A máa ń fi Ogústẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. A ó pa ẹnu mọ́, òun yóò sì dúró, tí yóò máa fi ojú bẹ̀ wá, tí òógùn yóò máa kán.

Nígbà tí katekísì kú, ní Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Òkú tó tẹ̀lé e, àlùfáà ka orúkọ rẹ̀ lórí pẹpẹ. Klémáǹ dìde láàárín wa, ó ní, "Ó ti sọ ẹrù kalẹ̀." Gbogbo ilé bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lórí òkè yẹn. Wọ́n á ka orúkọ òkú, ẹnìkan nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ á dáhùn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn, àlùfáà á pè é ní ẹ̀ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà á fò ó.

Ní oṣù kọkànlá tó kọjá, mo dìde láti Porto-Novo nítorí Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Òkú. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti gun òkè náà gbẹ̀yìn, lọ́jọ́ tí a sin Klémáǹ. Orúnkún mi kò fẹ́ mọ́, ìyàwó mi kò sì sí mọ́ láti bá mi wí pé kí n jókòó sílé. Mo sùn ní Dassa. Mo bá Matíásì sọ̀rọ̀ lórí telefóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní òun yóò pàdé mi lórí òkè.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, mo jókòó sí etí ibùsùn mi, mo kọ orúkọ àwọn òkú wa sórí ìwé. Ó rẹ̀ mí. Ọwọ́ ń kọ, ẹnu ń kà. Mo ká ìwé náà sí mẹ́rin, mo fi í sápò.

Rozalí ló ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì náà báyìí. Ọmọ katekísì àtijọ́ ni, òun náà ti ń lọ sí àádọ́rin ọdún. Mo bá a níbi tó ti ń gbá ẹnu ọ̀nà ńlá, òkúta ibẹ̀ mọ́ tónítóní bí àwo.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ẹ̀yin lẹ gun òkè yìí fúnra yín?"

"Èmi kọ́, Rozalí. Ọ̀pá yìí ló gùn ún. Èmi tẹ̀lé e ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì nawọ́ sí àpótí onígi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi mímọ́. Mo ju ìwé mi sínú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ àpótí náà wà lọ́wọ́ àlùfáà, ó ṣì ń bọ̀ lórí alùpùpù rẹ̀ láti Dassa.

Mo wọlé. Òkùnkùn tútù náà kí mi bó ṣe ń kí mi látijọ́. Mo rìn kọjá lábẹ́ àwọn fèrèsé ṣóńṣó, mo lọ jókòó sí ibi tí ilé ti pàdé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a dí. Òkúta wa ṣì wà níbẹ̀. Mo fọwọ́ kan èyí tó jẹ́ tèmi. Ògiri ti tún là lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ ni mo gbọ́ tí ẹnìkan ń húkọ́ lẹ́yìn mi.

"Akọ̀wé! O ṣì ń mí?"

Matíásì ni. Ó ti tẹ̀ bí dòjé, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò tẹ̀.

"Mò ń mí. Ìwọ ńkọ́?"

"Nígbà tí èémí bá ráyè, ó máa ń yà sọ́dọ̀ mi. Eyín rẹ dà?"

"Mo fi í sílẹ̀ ní Porto-Novo kó máa ṣọ́lé."

Ó jókòó tì mí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń húkọ́. Àgbẹ̀ ni, ní Gbaffo ló ti lo gbogbo ayé rẹ̀. Ìka ọwọ́ rẹ̀ le bí ìtàkùn iṣu. Ẹ gbà mí gbọ́, inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Nínú gbogbo ayé, òun nìkan ló kù tó mọ̀ mí kí n tó wọ bàtà.

Ó ní, "Ta àti ta lo kọ?"

Mo ní, "Àwọn wa náà ni." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà wọ́n. "Ogústẹ̀, Rafayẹ́lì, Klémáǹ..."

Ahọ́n mi ti fẹ́ pe èyí tó kàn kí n tó gé e jẹ.

Ẹ̀yin náà ti rí i. Bí a ṣe ń tò ni mo ṣe kọ ọ́. Ọgọ́ta ọdún ni ẹnu mi ti ń ka àwọn orúkọ yẹn bí orin, kò sì mọ bí a ṣe ń fo ọ̀kan. Ẹnu ló kà á fún ọwọ́, ọwọ́ kò sì bi ẹnu léèrè. Mo ti kọ Matíásì, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀, láàárín Klémáǹ àti Fìdẹ́lì.

Mo sọ fún un pé mo fẹ́ lọ tọ̀. Mo lọ bá Rozalí.

Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Rozalí, mo fẹ́ gba ìwé mi padà."

"Bàbá, àpótí ti gbà á."

"Mo ṣe àṣìṣe nínú rẹ̀ ni."

"Mọ̀npẹ̀ẹ̀, àlùfáà wa, ló ní kọ́kọ́rọ́. Bí wọ́n bá dé, ẹ sọ fún wọn." Ó wo ojú mi. "Irú àṣìṣe wo?"

N kò lè sọ ọ́. Ojú tì mí. Akọ̀wé odidi, tó ń fa aláìṣẹ̀ sínú ìwé òkú. Mo ní kò sí nǹkan kan, ó sì kan jẹ́ ọ̀rọ̀ lẹ́tà kan tí mo gbàgbé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí mo ti ṣẹ̀, ibẹ̀ ni. Kíkọ tí mo kọ ọ́ jẹ́ àṣìṣe. Èyí tí mo fi ẹnu mi bò, èmi ni mo ṣe é.

Àlùfáà pẹ́ kó tó dé. Ọmọ kékeré ni, eruku bò ó, ó sáré gba ẹ̀yìn wọ yàrá ìmúra, ó sì jáde pẹ̀lú àpótí tí Rozalí ti gbé lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni tí iná ń lé. N kò rí àyè bá a sọ̀rọ̀. Ó lé lágogo mọ́kànlá. Rozalí ti ilẹ̀kùn ńlá nítorí àwọn ewúrẹ́ Lèma, tí kì í bọ̀wọ̀ fún Mísà. Mo rí i tó fi ọ̀pá irin dábùú rẹ̀. Ẹ rántí èyí.

Ìmọ́lẹ̀ òrùn ń bọ̀ sílẹ̀ láti inú igbá òrùlé náà sórí pẹpẹ. Lẹ́yìn tiwa, níbi àwọn fèrèsé ṣóńṣó, ó ṣókùnkùn. Àwa sì wà láàárín.

Àlùfáà bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ. Ti àwọn ará Lèma ló kọ́kọ́ kà. Orúkọ kan, ohùn obìnrin kan: "Ó ti sọ ẹrù kalẹ̀." Orúkọ mìíràn, ohùn ọkùnrin. Wọ́n ń dáhùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n lára. Oorun fẹ́ máa kùn mí.

Ó wá ṣí ìwé kan tí a ká sí mẹ́rin.

"Ogústẹ̀," ó sì dárúkọ bàbá rẹ̀.

Èmi àti Matíásì dáhùn pọ̀: "Ó ti sọ ẹrù kalẹ̀."

Gbì.

Ó dún lẹ́yìn wa, níta ilẹ̀kùn ńlá. Òkúta tó já láti èjìká ènìyàn sórí òkúta. Mo rò pé ewúrẹ́ ti bì nǹkan ṣubú. Àmọ́ ara mi ti mọ ohun tí ọkàn mi kò tíì fẹ́ gbà. Ogústẹ̀ kì í rọra gbé òkúta sílẹ̀. Á jù ú ni, katekísì á sì bú u.

"Rafayẹ́lì."

A dáhùn.

Kẹrẹrẹrẹ. Gbì.

Ó wọ́ ọ. Rafayẹ́lì kò lágbára. Bó bá dé àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn, á gbé òkúta náà sílẹ̀ díẹ̀, á sì wọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà, katekísì á ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Mo wo Matíásì. Ó ń wo iwájú.

"Klémáǹ."

A dáhùn.

N kò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ èémí. "Hìì." Bí ẹni tó gbé ohun wúwo sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ọmọ tó sùn. Bẹ́ẹ̀ ni Klémáǹ ṣe ń gbé tirẹ̀. Èémí rẹ̀ nìkan lo máa gbọ́.

Èmi ni mo gbé apá òsì pósí ọkùnrin yẹn. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ jọ̀ọ́.

"Matíásì," àlùfáà pè, ó sì fi orúkọ bàbá rẹ̀ lé e.

Àwọn ará Lèma ń retí ìdáhùn.

Matíásì yí ojú sí mi. Kò bínú. Ó dà bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Akọ̀wé, èmi ni wọ́n pè yẹn?"

Mo gbọ́ ẹsẹ̀.

Inú ilé ló ti ń bọ̀ báyìí. Ilẹ̀kùn kò ṣí, irin kò dún, afẹ́fẹ́ kò wọlé. Ẹsẹ̀ lásán, ẹsẹ̀ ẹni tó gbẹ́rù, tó ń tẹ ilẹ̀ gírígírí lábẹ́ àwọn fèrèsé ṣóńṣó, tó ń bọ̀ wá sí ibi tí ilé ti pàdé. Òórùn òjò ń bọ̀ níwájú rẹ̀. Òórùn ilẹ̀ tútù àti òógùn, nínú oṣù tí òjò ti dá.

"Matíásì," àlùfáà pè lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbójú sókè, ó ń wá ẹni tí yóò dáhùn.

Ẹsẹ̀ náà dúró lẹ́yìn ìjókòó wa. N kò bojú wẹ̀yìn. Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé òun bojú wẹ̀yìn nírú ìgbà bẹ́ẹ̀, irọ́ ló pa.

Ohùn kan wọ etí mi, ohùn Klémáǹ, bó ṣe rí nígbà tó wà ní ọmọ ogún ọdún.

"Dáhùn fún un. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó kọjá lọ́kàn mi, torí n kò wá síbí láti ṣe ẹni rere lójú yín. N kò ro ti Matíásì. Ohun tí mo rò ni pé bí Matíásì bá lọ, ta ni yóò dáhùn fún èmi? Àwọn ọmọ mi wà ní Fáráńsè, wọn kò mọ òkè yìí, wọn kò mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ní gbogbo ayé, ẹnu kan ṣoṣo ló kù tó lè sọ pé mo ti sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹnu náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Matíásì la ẹnu rẹ̀. Ó fẹ́ dáhùn fúnra rẹ̀. Mo rí i. "Ó ti..."

Mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Mo tẹ̀ ẹ́ débi pé mo mọ èrìgì rẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi. Àwọn obìnrin tó wà níwájú bojú wẹ̀yìn wò wá, arúgbó méjì tó ń jìjàkadì nínú Mísà.

"Matíásì." Ẹ̀ẹ̀kẹta.

Kò sí ẹni tó dáhùn. Àlùfáà fa ojú rẹ̀ sí ìlà tó kàn.

"Fìdẹ́lì."

Mo mú ọwọ́ kúrò. Mo dáhùn fún Fìdẹ́lì kíákíá. Fìdẹ́lì lọ sí Gàbọ́ọ̀nù ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, kò kọ̀wé, kò padà. Ìyá rẹ̀ ṣe òkú rẹ̀ láìrí òkú. Mo tẹ́tí sí ẹnu ọ̀nà. Mo ń dúró de òkúta tirẹ̀.

Òkúta kankan kò dún.

Ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn wa kò padà sẹ́yìn, n kò gbọ́ ọ kó lọ. Òórùn òjò náà kàn ń rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn Mísà, Rozalí ṣí ilẹ̀kùn ńlá. A gbọ́ tó pariwo.

"Ta ló kó òkúta síbí? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ibí ni o!"

Mẹ́ta ni wọ́n. Mo fi ojú mi rí wọn, gbogbo ará Lèma sì rí wọn. Ọ̀kan ti fọ́ létí níbi tó ti balẹ̀. Èkejì fa ìlà funfun kan sílẹ̀ láti àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn. Ẹ̀kẹta jókòó jẹ́jẹ́. Wọ́n tutù, ẹrẹ̀ sì wà lábẹ́ wọn, bẹ́ẹ̀ òjò ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tó ti rọ̀ gbẹ̀yìn. Àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ ọmọdé ni. Rozalí wò mí, ó sì gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ tì. Ọmọ bàbá rẹ̀ ni, ó mọ àṣà náà.

A sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èmi àti Matíásì. Mo sọ fún un lójú ọ̀nà pé èmi ni mo kọ ọ́, mo sì sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró.

"Gbogbo ìwé tí o kà ní Dakar yẹn, wọn kò kọ́ ọ bí a ṣe ń ka àwọn òkú?"

"Dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́ fún kíkọ." Ó dúró, ó gbára lé ọ̀pá rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Kí ló dé tí o fi bò mí lẹ́nu?"

"O gbọ́ wọn?"

"Mo gbọ́ wọn. Klémáǹ dúró lẹ́yìn wa. Inú mi ń dùn, Akọ̀wé. Ọdún mélòó ni mo ti sin ìyàwó, tí mo sin ọmọ méjì? Mo rò pé mo ti dé ẹnu ọ̀nà."

Ó fọwọ́ nu èjìká ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan wà níbẹ̀, a sì ń sọ̀ lọ.

Èjìká náà ló bẹ̀rẹ̀. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kan, ó pè mí lórí telefóònù pé ó ń dun òun. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ya àwòrán egungun rẹ̀, wọn kò rí nǹkan kan. Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ kan rìn báyìí. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé láràárọ̀ ni òun ń gbọn eruku àpáta kúrò ní èjìká aṣọ tó fi sùn. Ó ní awọ ibẹ̀ ti yi, bíi ti aláàárù, ní ara ẹni tí kò gbé igi ìdáná láti ọdún tó kọjá.

Kò lè sùn mọ́. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń pè mí. Nígbà mìíràn kì í sọ̀rọ̀, èémí rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́, "hìì, hìì", bí ẹni tó ń gun òkè. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Akọ̀wé, àwàdà tí a ń fi Ogústẹ̀ ṣe yẹn, kò dára."

Ó sì ní bí oṣù kọkànlá bá tún dé, kí n kọ òun, kí n má sì ṣe bo òun lẹ́nu. N kò tíì dá a lóhùn. Nígbà tí mo bá gbé ìwé síwájú, ọwọ́ mi kì í lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá ń kọ orúkọ àwọn òkú yín, ẹ kọ ọ́ lójú mọ́mọ́, ẹ kà á síta, kí ẹ sì fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kọ alààyè, ẹ sọ ọ́ kíákíá, kí ojú má tì yín. Bí ẹ bá sì gun òkè yẹn, tí ẹ bá òkúta mẹ́ta ní ẹnu ọ̀nà, ẹ má gbé wọn. Rozalí fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀. Ó ń gbálẹ̀ yí wọn ká ni.

Ogústẹ̀ kú. Rafayẹ́lì kú. Klémáǹ kú, mo gbé pósí rẹ̀. Ti Fìdẹ́lì, n kò mọ̀ mọ́. Bó bá wà níbì kan ní Gàbọ́ọ̀nù, kó ránṣẹ́ sí wa. Matíásì wà láàyè, mo bá a sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná, ó ní ó wúwo. Èmi náà wà. Èmi ló kẹ́yìn nínú orin náà, òun nìkan ló sì kù tó lè dáhùn fún mi.